Ìpáàrà Ara Ìjàpá Bàbá Mi

Iṣẹ́ tí n kò kọ́ ni mo fẹ́ ròyìn lónìí.

Lọ́dún 1981 ni bàbá mi ra ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò pọ̀ nílùú Èkó. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ipò dà, àbúrò mi ní kí a tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Mo kọ̀.

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá ń gbé. Mo yọ ọ́, mo rí ìpáàrà tí kò ju kọ́bọ̀ kan lọ. Bí mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, irin lu já, mo ń wo ilẹ̀ àgbàlá! Ẹnìkan ti fi pọ́tì dí i rí, ó kun ọ̀dà bò ó. Inú bí mi sí oníṣẹ́ náà, àfi ìgbà tí mo rántí pé bàbá mi fúnra wọn ni. Èmi ni mo gbé àtùpà dání. Owó tí wọn ìbá fi tún un ṣe ni mo fi wọ yunifásítì.

Mo gé ibi tó ti jẹrà títí mo fi kan irin tó le. Wẹ́dà àdúgbò jó páànù tuntun mọ́ ọn, mo sì kun ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì. Kò tẹ́jú rárá. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà sí kíláàsì yín."

Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ṣùgbọ́n n kò fi pọ́tì bò ó.