Ojú Òsì Ọmọ-Ọmọ Mi

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́. Níhà Mowe ni a ń gbé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 6, fi eré bo ojú ọ̀tún rẹ̀, ó sì ké pé, “Bàbá àgbà, n kò rí yín mọ́!” Èmi tí mo ti ń bá a wí pé ó ń da omi sílẹ̀ ṣáá! Ó dùn mí púpọ̀.

Oníṣègùn ojú ní ẹyinjú òsì náà kúrú ju èkejì lọ. Bàìbàì ni ó ń ríran, ọpọlọ sì ti pa á tì. Hubel àti Wiesel, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981, ti rí i lára ọmọ ológbò pé bí a bá dí ojú kan ní ìgbà èwe, àyè rẹ̀ nínú ọpọlọ a máa dínkù, ojú kejì a sì gbà á.

Mo bi í léèrè ojú òsì tèmi, tí ó ti rí bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ó mi orí. Kí ọmọ tó pé ọdún 7 ni ìtọ́jú rẹ̀ ń jẹ́ jùlọ.

Ó fún ọmọ náà ní awò, ó sì ní kí a máa bo ojú ọ̀tún rẹ̀ fún wákàtí 2 lójoojúmọ́. Ọmọ náà sunkún. Nítorí náà èmi pẹ̀lú bo tèmi, a sì jọ ń ka ìwé ABD ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lánàá, ó ka ọ̀rọ̀ kan tí èmi kò rí.