Ewì Igi Dàbínù àti Ẹkún Ọmọ Kéwú

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ìjọ mọ́sáláásí àti ẹ̀yin ọmọ kéwú wa, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa tí a fẹ́ fi tó yín létí.

Ewì Lárúbáwá kan wà tí a máa ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ti tẹ̀ síwájú. Abd ar-Rahman, ọmọ-ọmọ ọba Hisham, ni wọ́n ní ó kọ ọ́. Ní ọdún 750, wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ ní Ṣáàmù, wọ́n sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ó sá la ilẹ̀ Áfíríkà kọjá, ó sì di ọba ní Córdoba, ní ilẹ̀ Andalus, ní ọdún 756. Ó ṣe ọgbà kan sí ẹ̀yìn ìlú, ó sọ ọ́ ní Rusafa, orúkọ ibùgbé bàbá-bàbá rẹ̀ ní Ṣáàmù. Ibẹ̀ ni ó ti rí igi dàbínù kan, tí ó rẹwà, ṣùgbọ́n tí ó jìnnà sí ilẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òun náà. Ó bá igi náà sọ̀rọ̀ bí àlejò ti ń bá àlejò ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọdún púpọ̀ ni a fi kọ́ni ní ewì yìí nítorí náháwù nìkan. Èwo ni fā‘il? Èwo ni maf‘ūl? Ó parí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, bí a ti ń túmọ̀ rẹ̀ lọ, ọmọ kan tí ilé rẹ̀ jìnnà bú sẹ́kún. Kí a tó wí, àwọn méjì mìíràn ti bá a dá sí i. A na ọwọ́ mú pàṣán, a ní: “Ṣé nítorí igi ni ẹ ṣe ń sunkún?”

Ọmọ náà dáhùn pé: “Ẹ má bínú, Ààfáà. Igi yẹn, kò sí ẹni tí ó ń wá wò ó.”

Ọwọ́ wa rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọmọ náà wá, ẹnikẹ́ni kò tíì wá wò ó.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwa náà nígbà tí wọ́n mú wa kúrò lọ́dọ̀ ìyá wa lọ sí ilé Ààfáà. Igi ọsàn kan wà lẹ́yìn ilé náà. Bí ó bá tanná, òórùn rẹ̀ a dùn, a ó sì rántí ẹ̀yìnkùlé ìyá wa, ẹkún a gbọ̀n wá. Nígbà tí a di olùkọ́, a gbàgbé.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹkún nítorí ewì kò yẹ Mùsùlùmí. Ẹ jẹ́ kí a rántí Hádíìsì tí ó wà lọ́dọ̀ Bukhārī. Kùkùté igi dàbínù kan ni Ànábì máa ń dúró tì bí ó bá ń ṣe khutuba ní Mẹ̀dínà. Nígbà tí wọ́n ṣe mínbárì fún un, tí ó fi kùkùté náà sílẹ̀, igi náà ké bí ọmọdé. Ànábì sọ̀kalẹ̀, ó gbá a mọ́ra títí ó fi dákẹ́. Kò bá a wí. Bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá sọ̀kalẹ̀ lórí mínbárì nítorí igi, kí ni ó yẹ kí a ṣe nítorí ọmọ ènìyàn?

Ẹ̀yin òbí, owó oúnjẹ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ máa wá wò wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ewì bá pa yín lẹ́kún, ẹ sun ún; lẹ́yìn náà, ẹ sọ fā‘il rẹ̀ fún wa.

Kí Ọlọ́hun má ṣe sọ wá di àjèjì ní ọ̀run. Āmīn.