Ní Lomé, Ìdí Ààrò Ni Kí Epo Èèpo Ti Bẹ̀rẹ̀

Láti Kútọnu, mo gba Ouidah dé ibodè Hilla-Condji, mo wọ Aného, òkun wà lọ́wọ́ òsì mi títí dé Lomé. Ìgò bẹntiróòlù àti àpò èédú ni wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Ní ọjà Agoè-Assiyéyé, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ti ẹ̀gẹ́ ń jẹrà pọ̀ mọ́ ọ̀rá. Ohun tí mo rò lójú ọ̀nà náà ni pé èèpo yìí lè di epo, ṣùgbọ́n ìdí ààrò ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe inú ọkọ̀.

Ṣúgà ti wà nínú èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ìwúkàrà ni yóò sọ ọ́ di ọtí. Sítáàṣì ni ti ẹ̀gẹ́, a ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ṣúgà. Ṣùkù àgbàdo le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ásíìdì tàbí ẹ́ńsáìmù olówó gọbọi ló ń tú ṣúgà rẹ̀ sílẹ̀. Èèpo rírọ̀ ló yá, pàápàá níbi tí àwọn tó ń fi ẹmu se sodabi ti mọ bí oru ọtí ṣe ń ṣáájú oru omi jáde nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ọtí tí a ó pò mọ́ bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ ní omi nínú, bẹ́ẹ̀ sísè lásán kò lè mú un kọjá nǹkan bí ìdá 96 nínú 100. Sítóòfù gba ọtí tó ṣì ní omi díẹ̀. Brazil tó bẹ̀rẹ̀ Proálcool, ètò fífi ọtí wa ọkọ̀, ní 1975 ní oko ìrèké rẹpẹtẹ. Lomé kò ní in.

Ẹnìkan lè ní ewúrẹ́ ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Òótọ́ ni, kí ewúrẹ́ jẹ tirẹ̀, èyí tó ń lọ sí ààtàn Aképé ni mo ń sọ. Ẹlòmíràn á ní igi ni a ó fi sè é. Kí a fi ṣùkù àgbàdo àti èésan dáná rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà wá pé wọn yóò mu ún, kí a fi àwọ̀ àti ohun kíkorò sí i. Àtakò tó wúwo jù ni pé kò ní pọ̀: 100 kílò ṣúgà kò lè mú ju nǹkan bí 51 kílò ọtí lọ, omi ló sì pọ̀ jù nínú èèpo. Nítorí náà kò lè lé èédú kúrò ní Lomé, ṣùgbọ́n ó lè dáná fún àwọn olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ẹ̀yin aláṣẹ ọjà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya èèpo kúrò lára ọ̀rá. Láìsí ìyẹn, kò sí epo kankan.