Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òwe yìí kò mọ sọ́dọ̀ ọmọ ènìyàn nìkan. Ẹja pàápàá ní ìpín nínú rẹ̀.

Nínú adágún ńlá Victoria, tí Tanzania, Uganda àti Kenya jọ pín, ẹja wẹ́wẹ́ méjì kan wà tí wọ́n súnmọ́ra bí ọmọ ìyá. Àwọ̀ akọ Pundamilia pundamilia jọ ti aró. Akọ Pundamilia nyererei, tí a fi orúkọ Julius Nyerere, Ààrẹ àkọ́kọ́ ní Tanzania, sọ ní 1985, pupa lẹ́yìn, ìhà rẹ̀ sì rí bí ìyeyè. Àwọn abo wọn jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Kí ni ó wá ń dènà àdàlù láàárín wọn? Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀yà méjèèjì bá gun ara wọn, ọmọ wọn a yè, òun náà a sì bímọ. Kò dà bí ìbaaka tí ó yàgàn. Ojú abo ni ògiri tí ó wà láàárín wọn: akọ tí ó bá ní àwọ̀ ìran tirẹ̀ ni ó ń yàn. Ní 1998, Ole Seehausen àti Jacques van Alphen fi hàn pé bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ tí kò jẹ́ kí àwọ̀ hàn, abo kò mọ ẹni tirẹ̀ mọ́.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe níbi ìdánwò ni omi rírú ń ṣe nínú adágún. A gé igbó. Òjò wọ́ ilẹ̀ oko àti ajílẹ̀ lọ sínú omi. Ewéko wínníwínní gbilẹ̀, omi sì rú. Níbi tí omi ti mọ́, pupa wà lọ́tọ̀, aró wà lọ́tọ̀. Níbi tí ó ti rú gan-an, ẹja àmúlùmálà tí kò pupa tí kò sì jọ aró ni ó pọ̀.

Àdàlù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2017 fi hàn pé láti inú àdàpọ̀ ìran méjì ni ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ẹ̀yà irú ẹja yìí ti ṣẹ̀ nínú adágún náà. Ṣùgbọ́n àdàlù ìgbà náà bí ọ̀pọ̀. Ti ìsinsìnyí ń sọ méjì di ẹyọ kan.

Nígbà tí a kó apẹjajẹ ńlá odò Náílì wọ adágún náà ní àwọn ọdún 1950, ẹja tí ó jẹ run di ohun tí ayé ń ròyìn. Ti omi rírú kò ní òkú, kò ní eegun: ẹja ṣì ń lúwẹ̀ẹ́, ìran ti parẹ́. Ẹni tí ó gé igi lórí òkè lè má fojú kan ẹja náà láéláé. Síbẹ̀ òun ni ó dí abo ẹja lójú.