Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Múra De Iná

Skyway ni wọ́n ń pe ọ̀nà tó gùnkè láti ìlú Chico lọ sí Paradise, ní àríwá ìpínlẹ̀ California. Láti Sacramento ni mo ti wakọ̀ lọ ní òwúrọ̀ Sátidé. Ọ̀nà yìí gan-an ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn há sí ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, tí iná ń jó lọ́tùn-ún lósì, tí èéfín sì sọ àárọ̀ di òru mọ́ wọn lójú. Ènìyàn 85 ló bá iná náà lọ. Ilé oríṣiríṣi tó jóná, ti ìgbé àti tàwọn ìlò mìíràn, lé ní 18,000. Wáyà ilé iṣẹ́ mànàmáná PG&E ló dá a sílẹ̀; ní 2020, ilé iṣẹ́ náà gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú. Ìyẹn ló gbé mi dé ibẹ̀, nítorí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nínú ilé wọn ni mo fi ń jẹun.

Panápaná kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́ àwa tí a wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mímúra de iná. Kò tíì sọ̀rọ̀ sísá rárá tó fi kó wa jáde síta, tó gun àkàbà, tó sì bu ewé páìnì gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan láti ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé. Ó fún un ní àtẹ́lẹwọ́, ó rún wómúwómú. Ó ní èyí ló ń jó ilé. Afẹ́fẹ́ a máa gbé ẹ̀yinná kéékèèké ṣáájú iná gan-an, á jábọ́ sórí irú ewé bẹ́ẹ̀, tàbí kó gba ihò atẹ́gùn wọ àjà. Jack Cohen, onímọ̀ iná tó bá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ igbó, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí rẹ̀. Nítorí náà, ẹsẹ̀ bàtà 5 àkọ́kọ́ yí ilé ká kò gbọdọ̀ ní ohunkóhun tó lè gbiná: kò sí òdòdó, kò sí igi ìdáná, kò sí ọgbà onípákó tó kan ògiri. Àgbẹ̀ tiwa náà a máa ro etí oko rẹ̀ mọ́ kí ọyẹ́ tó mú.

Ṣùgbọ́n bí mo ro tèmi mọ́, tí ti aládùúgbò kún fún pàǹtí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kòkòrò búburú àti hẹ̀rẹ̀huru ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe gbogbo ojúlé àdúgbò kan wá pọ̀ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a lọ sí gáréèjì ìyá àgbà kan, tí ilé rẹ̀ wà lára ìwọ̀nba tó yè lọ́dún náà. Bí iná igbó bá ń jà, mànàmáná a máa lọ, ẹ̀rọ tó ń ṣílẹ̀kùn gáréèjì á sì dákẹ́. Láti 2019 ni òfin California ti ní kí ẹ̀rọ tuntun máa ní bátìrì, ṣùgbọ́n ti màmá yìí ti pẹ́. Okùn pupa kan ló ń rọ̀ lókè. Ó nawọ́, kò tó o. Mo gbé àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo dì í mú, ó fà á kó lè fọwọ́ ṣílẹ̀kùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ kó gbé ilẹ̀kùn sókè. Kò kọjá orúnkún rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ta ló sún mọ́ yín jù?"

Ó nawọ́ sí ilé òdìkejì. Ọmọkùnrin tó ń gbébẹ̀ wà láàárín wa. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbí. Ọ̀dọ̀ yín ni màá kọ́kọ́ yà." Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri gáréèjì.

Ìlú Paradise ti gbé fèrè ìkìlọ̀ sórí òpó gíga láti ìgbà tí iná náà ti jà. Ó dára, mo sì fẹ́ kí ìlú mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fèrè kò lè gbé ilẹ̀kùn gáréèjì. A kọ orúkọ gbogbo ojúlé àdúgbò náà sílẹ̀: ta ni kò lè wakọ̀, ta ló ń lo ẹ̀rọ ìmí, ọkọ̀ ta ló láyè. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ, mo sì kà á sí iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù tí a ṣe lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mò ń padà sílé, kí n tó kúrò ní Chico ni mo ti pe ọmọ bàbá tí mò ń tọ́jú. Mo bi í bóyá bàbá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn gáréèjì rí. Ó ní rárá. A fi ọ̀sán Sọ́ńdè sí i, èmi àti òun àti àwọn aládùúgbò bàbá méjì.