Wíwá Ìdí Àìsàn Inú Ẹ́ńjìnnì Porsche 944

Porsche 944 jẹ́ ọkọ̀ eré tí Porsche ṣe láti 1982 sí 1991. Ilé iṣẹ́ Audi ní Neckarsulm, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ni wọ́n ti to èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, iye gbogbo wọn sì lé ní 160,000. Ẹ́ńjìnnì wà níwájú, gíà bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn, ìwúwo ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Sílíńdà mẹ́rin péré ló ní, ṣùgbọ́n wọ́n tóbi: 2,479 cc ni àpapọ̀ wọn nínú èyí tó kọ́kọ́ jáde, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 163 ní Yúróòpù. Nígbà tí èyí tó ní tọ́bò jáde ní 1985, agbára náà gòkè di 220. Sílíńdà mẹ́rin tó tóbi báyẹn máa ń mú ẹ́ńjìnnì gbọ̀n. Kí gbígbọ̀n náà lè rọlẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń yí ní ìlọ́po méjì eré kíráńkì, ọgbọ́n tí Porsche san owó fún Mitsubishi kí wọ́n tó lè lò.

Èyí tó kéré jù nínú wọn ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Rọ́bà ti gan, ara wáyà ti gbẹ, ojú irin tí iná ń gbà kọjá ti dípẹtà. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì ní ojú ibi tí mẹkáníìkì lè ki scanner bọ̀ kó ka kóòdù, nítorí OBD-II, ètò tó ń jẹ́ kí scanner lè ka kóòdù bẹ́ẹ̀, kò di dandan fún ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà títí di 1996. Ẹni tó bá fẹ́ tún 944 ṣe gbọ́dọ̀ fi etí, imú, mítà àti géèjì bi ẹ́ńjìnnì léèrè ọ̀rọ̀, kó sì mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ bi. Ohun tó ń ba àwọn ọkọ̀ yìí jẹ́ ju ọjọ́ orí lọ ni ìméfò: kí wọ́n ra ẹ̀yà kan, kí wọ́n dè é mọ́ ọn, kí ọkọ̀ má gbọ́, kí wọ́n tún lọ ra òmíràn. Owó á tán, àìsàn náà á ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ ni pé ọkọ̀ kú lójú ọ̀nà nígbà tí oòrùn mú, kò sì sítáàtì mọ́. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, tí ara rẹ̀ ti tutù, á sítáàtì bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ẹnì kan á ní páǹpù epo ló bàjẹ́. Ẹlòmíràn á ní kọ̀ǹpútà ni. Rílè DME ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀yà kékeré tó wọ àtẹ́lẹwọ́ ni, ṣùgbọ́n rílè méjì ló wà nínú páálí rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń gbé iná fún DME, ìyẹn kọ̀ǹpútà Bosch tó ń darí iná pọ́lọ́ọ̀gì àti epo, èkejì ń gbé iná fún páǹpù epo. Tí ó bá kú, iná àti epo á jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó sì ń pa á kò ju òjé lọ, èyí tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ pátákó inú rẹ̀. Ooru àti gbígbọ̀n ọdún pípẹ́ máa ń mú kí òjé yìí sán. Tí ibẹ̀ bá gbóná, ojú tó sán á yà. Tí ó bá tutù, á tún pàdé. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń kú tó sì tún ń jí. Ẹni tó bá ṣí i wò dáadáa lè rí òrùka tín-ín-rín tó yí ẹsẹ̀ náà ká, ó sì lè jó òjé tuntun sí i. Fífi rílè mìíràn tó dájú rọ́pò rẹ̀ ló yá jù láti fi dán an wò. Ó tọ́ kí ẹni tó ni 944 máa gbé rílè kejì sínú ọkọ̀ bó ṣe ń gbé sípíà táyà.

Tí rílè bá dára, géèjì RPM ni kí wọ́n wò. Nígbà tí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ géèjì náà yẹ kó máa mira díẹ̀. Tí kò bá mira rárá, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà má mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló ń sọ fún un, wọ́n sì wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì níbi tọ́wọ́ kì í tètè dé: ọ̀kan ń ka eyín fíláíwíìlì láti mọ eré, èkejì ń ṣọ́ àmì kan ṣoṣo láti mọ ibi tí písítìn wà. Mítà yẹ kó ka láàárín ohm 600 àti 1,600 lára wọn, àlàfo tó sì wà láàárín sẹ́ńsọ̀ àti fíláíwíìlì kò ju nǹkan bíi 0.8 mm lọ. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wọn jọra gan-an. Tí wọ́n bá ṣèèṣì fi ti ọ̀kan bọ èkejì, ọkọ̀ kò ní sítáàtì, ì báà ṣe pé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló jẹ́ tuntun. Epo kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: nínú ẹ́ńjìnnì oní-fáàfù mẹ́jọ tí kò ní tọ́bò, géèjì tí wọ́n dè mọ́ páìpù epo yẹ kó ka nǹkan bíi 2.5 bar nígbà tí páǹpù ń ṣiṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì kò tíì dáhùn.

Ọkọ̀ tó sítáàtì ṣùgbọ́n tí sílóò rẹ̀ ń lọ sókè sódò ní tirẹ̀. Ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan ló ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì yìí, ìwọ̀n tó bá sì sọ ni kọ̀ǹpútà fi ń bu epo. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn kò sí nínú ìṣirò, epo kò sì ní tó o. Rọ́bà ńlá tó so ìlẹ̀kùn náà mọ́ ẹnu tọ́tù máa ń sán lábẹ́, níbi tójú kò tó. Àwọn họ́ọ̀sì kéékèèké tó wà lábẹ́ páìpù afẹ́fẹ́ máa ń gan. Kódà ìdérí ọ́ìlì tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó lè da sílóò rú, torí pé èémí inú ẹ́ńjìnnì ń padà sínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti wọ̀n tán. Àwọn kan máa ń fọ́n ohun tó ń gbiná sára ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ láti fi mọ ojú tó ń jò. Iná lè ti ibẹ̀ sọ. Èéfín tí wọ́n fẹ́ sínú páìpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì sùn sàn jù, nítorí ojúkójú tó bá sán, ibẹ̀ náà ni yóò gbà yọ. Tí pọ́lọ́ọ̀gì bá dúdú tí èéfín sáléńsà sì ń rùn fún epo, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ó lè máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà pé òtútù ṣì ń mú ẹ́ńjìnnì. Ní 20 °C, ohm 2,000 sí 3,000 ló yẹ kó wà nínú rẹ̀.

Kò sí àìsàn 944 tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ òdì tó ọ́ìlì inú omi. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ṣí ìdérí omi, á rí ohun kan tó dì bíi tíì oní mílíìkì, ẹnu gbogbo mẹkáníìkì á sì kò pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Wọ́n á tú orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ná owó rẹpẹtẹ, wọ́n á dè é padà, ọ́ìlì á tún yọ nínú omi láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀yà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí omi ti ń mú ọ́ìlì tutù, rọ́bà kéékèèké ló sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, agbára tó ń ti ọ́ìlì lè dé bar 5; ti omi kì í ju nǹkan bíi bar 1 lọ. Tí rọ́bà náà bá rọ, ọ́ìlì ló máa ń ráàyè wọ inú omi, omi kì í sábà wọ inú ọ́ìlì. Nítorí náà, tí ọ́ìlì bá wà nínú omi ṣùgbọ́n tí ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì mọ́, tí ọkọ̀ kò gbóná jù, tí èéfín funfun kò sì jáde, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí ẹ́ńjìnnì. Àwọn rọ́bà yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń to ilé ẹ̀yà náà kó tó le pa, kí fáàfù tó ń dín agbára ọ́ìlì kù má baà há. Lẹ́yìn èyí, fífọ ọ̀nà omi léraléra ló kù, iṣẹ́ tó ń sú èèyàn, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó bá ṣẹ́kù yóò jẹ họ́ọ̀sì rédíétọ̀.

Tí iyèméjì bá ṣì wà, géèjì kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n ló máa là á. Wọ́n á yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti rílè DME, wọ́n á tẹ tọ́tù dé ìsàlẹ̀, sítátà á wá yí ẹ́ńjìnnì. Kí iye sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sún mọ́ra ṣe pàtàkì ju kí ó ga lọ. Tí ọ̀kan bá rẹlẹ̀, wọ́n á kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀. Tí iye bá gòkè, ríìnì písítìn ló ti jẹ. Tí kò bá gòkè, ọ̀rọ̀ di ti fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n ti písítìn dé òkè, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ sílíńdà náà, kí wọ́n sì tẹ́tí. Tó bá ń sín nínú sáléńsà, fáàfù tó ń tú èéfín síta ni. Tó bá ń sín lẹ́nu tọ́tù, fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ni. Tó bá jẹ́ ojú ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí ló ti ń dún, ríìnì ni. Tí omi bá ń hó nínú rédíétọ̀ láìsí iná nídìí rẹ̀, ìgbà yẹn ni gásíkẹ́ẹ̀tì jẹ̀bi lóòótọ́.

Ìdí tó fi yẹ kí wọ́n ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnnì yìí ni pé sílíńdà rẹ̀ kò ní páìpù irin nínú. Álúmínì tí wọ́n po sílíkọ́nì púpọ̀ mọ́ ni písítìn ń sáré lára rẹ̀ tààrà, wọ́n sì fi irin bo ara písítìn náà. Kì í ṣe ojú tí gbogbo oníṣẹ́ irin lè gbẹ́. Bẹ́ríìnì kọnrọ́ọ̀dù kejì náà kò lágbára tó àwọn yòókù, pàápàá nínú ọkọ̀ tó ń gba kọ́nà gígùn pẹ̀lú eré lórí pápá ìdíje, níbi tí ọ́ìlì ti ń sá fún páǹpù. Kí ó tó di pé ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì, fíltà ọ́ìlì tí wọ́n fi ayùn là wò lè ti fi ìgbẹ́ irin tó ń dán hàn wọ́n.

Bẹ́líìtì táímìn ló gbẹ̀yìn ìyẹ̀wò, àmọ́ òun ló lè pa ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó so kíráńkì mọ́ kámù, òun náà ló sì ń yí páǹpù omi. Tí ó bá já, písítìn á gbá fáàfù, fáàfù á sì tẹ̀. Àwọn tó mọ ọkọ̀ yìí kì í jẹ́ kó kọjá nǹkan bíi 48,000 kìlómítà, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ àwọn rọ́bà tó ń jo ọ́ìlì níwájú ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ọn, torí ọ́ìlì máa ń jẹ bẹ́líìtì. Tó bá le jù, á máa hu, á sì pa bẹ́ríìnì páǹpù omi. Tó bá dẹ̀ jù, á fo eyín. Bẹ́líìtì kejì tó ń yí ọ̀pá méjì ẹ̀gbẹ́ kì í pa ẹ́ńjìnnì bí ó bá ṣì eyín kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á máa gbọ̀n, wọ́n á sì máa pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì síìtì lásán. Nínú àwọn ọkọ̀ tó jáde kí Porsche tó fi sípíríìnì sí ohun tó ń fa bẹ́líìtì le fún ti 1987, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n lẹ́yìn bíi 3,000 kìlómítà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ náà àti iye kìlómítà sínú ìwé tó ń bá ọkọ̀ lọ, kí ẹni tí yóò tún ṣí i lọ́jọ́ mìíràn lè mọ ibi tí wọ́n bá a dé.