Oúnjẹ Ojú Ọ̀nà Róòmù

Láti ìgbà tí a ti ti Róòmù dé ni àwọn ará ti ń béèrè lọ́wọ́ wa nípa Ilẹ̀kùn Mímọ́, nípa Bàsílíkà Pétérù Mímọ́ àti ibojì àwọn àpọ́sítélì. A ti ròyìn èyí tí a lè rò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá ilé kò yéé bi wá: “Kí ni ẹ ń jẹ lọ́nà?” Ìbéèrè yìí a máa pa àwọn ọkùnrin lẹ́rìn-ín. Kò pa àwa tí a lọ lẹ́rìn-ín mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó kù díẹ̀ kí ó sọ ayọ̀ wa di ẹkún. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ dáhùn rẹ̀ níhìn-ín, kí ẹni tí yóò rin ọ̀nà náà lẹ́yìn wa lè rí ọgbọ́n kọ́.

Àwa mẹ́rìnlá ni a jọ lọ ṣe Júbílì ọdún 2025. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, ni a gbéra, nínú Ààwẹ̀ Ogójì Ọjọ́. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Kútọnu ni a ti wọkọ̀, èyí tí a fi orúkọ Kádínà Bernardin Gantin pè. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, Tòfó ni a bí i sí ní 1922. Ó ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kútọnu láti 1960 títí di 1971, kí ó tó lọ sin Ìjọ Ọlọ́run ní Róòmù, ó sì padà wá sílé ní 2002. Nígbà tí a rí orúkọ rẹ̀, inú wa dùn. A ní ẹni tí ó ti rin ọ̀nà náà ṣáájú wa ni ó ń sìn wá sọ́nà yìí.

Ọ̀nà tí a gbà kì í ṣe ọ̀nà tààrà. Addis Ababa, olú ìlú Etiópíà, ni a kọ́kọ́ lọ, nítorí pé owó ọkọ̀ ibẹ̀ ni apá wa ká. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ayé yóò ní a fẹ́ lọ sí òkè, a wá kọrí sí ìlà oòrùn. Òótọ́ ni. Wákàtí márùn-ún ni a ó sì fi jókòó ní Addis kí ọkọ̀ Róòmù tó gbéra.

Kí a tó kúrò nílé, ìyá tí ó ṣe aṣáájú wa, ẹni tí ó ti lọ sí Lourdes rí, fún wa ní ìmọ̀ràn kan. Ó ní kí a kó oúnjẹ wa pọ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, kí a yan ẹni méjì tí yóò máa pín in. A kò gbà. Ẹnìkan ní òun kì í jẹ ata púpọ̀. Ẹlòmíràn ní òun kò lè fi ẹja òun bọ́ ẹni tí kò mú nǹkan wá. Bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù di ẹrù tirẹ̀, tí olúkúlùkù sì dákẹ́ nípa ohun tí ó dì.

Ìtìjú kìíní bá wa ní Kútọnu gan-an. Ọ̀kan nínú wa gbé ìgò ọbẹ̀ ata sínú àpò ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí àpò náà gba inú ẹ̀rọ tí ń wo ẹrù kọjá, wọ́n pè é. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó wà níbẹ̀ kò jágbe, ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá, omi ni ọbẹ̀.” Ẹ̀bi wa ni, àwa ni a kò béèrè. Ní ọdún 2006 ni Yúróòpù gbé òfin kan kalẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ gbà, tí ó sì ṣì wà ní ọ̀pọ̀ pápá ọkọ̀ òfuurufú, pé ohunkóhun tí ó bá ń ṣàn tàbí tí ó rọ̀ bí ọ̀rá kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n mílílítà 100 lọ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, bí a bá fẹ́ gbé e wọ inú ọkọ̀. Ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀, ògì wà nínú rẹ̀, oyin àti epo náà wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ ọmọ ọwọ́ àti oògùn ni a yọ̀ǹda, bí a bá fi hàn wọ́n. Ìgò ọbẹ̀ náà dúró sí Kútọnu.

Nísinsìnyí a dé orí ọ̀rọ̀. Ìyá kan wà láàrin wa, ẹni ọdún 71, tí ó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà. Ó ti lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò gbààwẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, nítorí ìrìn àjò mímọ́ ni. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá nínú ọkọ̀, adìẹ ni wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀. Ó ní òun kò jẹ ẹran ní ọjọ́ Ẹtì, ó dá a padà, ó sì sùn lọ. Àwa tí a jókòó yí i ká rí i. A ní gàrí, a ní ẹ̀pà, a ní ẹja gbígbẹ nínú àpò wa. Kò sí ẹni tí ó fi lọ̀ ọ́. Olúkúlùkù rò pé ó ní tirẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni a dé Addis. Òtútù ibẹ̀ yà wá lẹ́nu, nítorí pápá ọkọ̀ náà ga ju òkun lọ ní ohun tí ó lé ní mítà 2,300. Bí a ti ń rìn lọ nínú ilé ńlá náà ni Ìyá dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó nínú òtútù, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì já gaara mọ́. Ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí kò sì jẹun, ewu ńlá ni ó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kéré jù láàrin wa ni ó kọ́kọ́ ronú. Ó yọ bọ́nbọ́n mẹ́ta láti inú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé Ìyá ṣì lè gbé nǹkan mì, ó fi wọ́n sí i lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn sáré lọ ra tíì, ó po ṣúgà mẹ́rin sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, Ìyá wò wá, ó pe orúkọ wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ṣúgà nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ gidi kíákíá, kí ara rẹ̀ má bàa tún lọ sílẹ̀.

Ibo ni a ó ti rí i? Lọ́fínńdà ni wọ́n ń tà lápá ọ̀tún, ṣokoléètì lápá òsì. Níbi tí oúnjẹ wà, búrẹ́dì tútù tí wọ́n ki ẹran sí nínú ni a rí. A kò gbọ́ èdè wọn. Nígbà náà ni a rántí pé abéèrè kì í ṣìnà. Obìnrin kan ń gbálẹ̀ nítòsí. Olùkọ́ kan tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láàrin wa bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹ̀yin fúnra yín ti ń jẹun?” Obìnrin náà wo Ìyá, ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó sì mú wa lọ sí ilé oúnjẹ kan ní igun lọ́hùn-ún. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ń tà níbẹ̀: *tsom*. Ààwẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn.

Àṣé àwọn náà wà nínú ààwẹ̀. Àwọn Kristẹni Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Etiópíà kì í jẹ ẹran, mílíìkì, bọ́tà tàbí ẹyin ní ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, àti ní gbogbo Ààwẹ̀ Ńlá wọn, tí ó jẹ́ ọjọ́ 55. Ní 2025, ọjọ́ kan náà ni Àjíǹde wọn àti tiwa bọ́ sí, ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin. Ohun tí Ìyá kò rí jẹ nínú ọkọ̀, odindi orílẹ̀-èdè kan ti sè é sílẹ̀ dè é.

Wọ́n gbé àwo pẹrẹsẹ ńlá kan wá. *Injera* ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ọkà wẹ́wẹ́ kan tí à ń pè ní téfù ṣe. Wọ́n á pò ó, wọ́n á jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó dà á sórí agbada gbígbóná. Ó kan díẹ̀ bí ògì wa, ojú rẹ̀ sì kún fún ihò wínníwínní bí afárá oyin. Orí rẹ̀ ni wọ́n bu ọbẹ̀ sí: ọbẹ̀ ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí à ń pè ní *shiro*, ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ata sè, àti ẹ̀fọ́. Kò sí ṣíbí. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń jẹ ẹ́, gbogbo ènìyàn sì ń jẹ nínú àwo kan náà.

Obìnrin tí ń gbálẹ̀ kò tíì lọ. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó já *injera*, ó fi kó ọbẹ̀ díẹ̀, ó sì fi òkèlè náà sí Ìyá lẹ́nu. *Gursha* ni wọ́n ń pe èyí. Àmì ìfẹ́ ni láàrin wọn. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ìyá wa, àwa tí a jọ ń gba Ara Olúwa níwájú pẹpẹ kan náà sì ti jókòó ti àpò wa. A kò lè wo ara wa lójú.

A bi àwọn tí ń tà pé ìgbà wo ni wọn yóò pa iná. Wọ́n ní, “Aago mẹ́fà.” Ẹnu yà wá, nítorí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni tiwa wí. Lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni wọ́n ti ń ka wákàtí òru; aago mẹ́fà wọn ni aago méjìlá òru wa. Nítorí náà a ráyè jẹun dáadáa. Gbogbo wa jẹun níbẹ̀, owó tí a san kò sì pọ̀ tó ti búrẹ́dì ẹlẹ́ran yẹn.

Nígbà tí Ìyá sinmi tán, aṣáájú wa kò bá wa wí. Ó kàn tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń tú àpò wa sórí rẹ̀: gàrí, kúlíkúlí, ẹ̀pà yíyan, àádùn, ata gbígbẹ, ẹja gbígbẹ. Ẹnìkan mú ẹran gbígbẹ jáde pẹ̀lú ìtìjú. Olùkọ́ wa ní wọn kò ní jẹ́ kí a gbé ẹran tàbí wàrà láti ilẹ̀ wa wọ Yúróòpù, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. A dúró títí aago wa fi kọjá méjìlá òru, tí ọjọ́ Ẹtì sì parí. Nígbà náà ni a pín ẹran náà jẹ, Róòmù kò sì rí èérún kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìyókù ní kúkúrú, nítorí yóò wúlò fún yín. Wọ́n ń gba ẹja gbígbẹ wọ Yúróòpù fún jíjẹ ara ẹni, títí dé kílò 20. Nínú èso tútù, ọ̀pẹ̀-òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn kò nílò ìwé ẹ̀rí. Máńgòrò àti ọsàn nílò rẹ̀. Ẹ gbé ìgò òfìfo dání, kí ẹ pọn omi sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá ibi àyẹ̀wò. Ní Róòmù omi ẹ̀rọ dára fún mímu, a kò sì rà á. Bí ẹ bá fẹ́ mu tíì tàbí kọfí níbẹ̀, ẹ mu ún ní ìdúró níwájú ẹni tí ń tà á, nítorí ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ẹni tí ó bá jókòó ni yóò san jù.

Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ mọ òfin Ìjọ dáadáa. Ẹni tí ó ti pé ọdún 14 ni òfin àìjẹ ẹran mú. Ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ kò mú ẹni tí ó bá ti pé ọdún 59, kò sì mú aláìsàn. Ẹ sọ fún àwọn ìyá àti bàbá yín kí wọ́n tó kúrò nílé. Ọlọ́run kò béèrè ẹ̀mí wọn lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó bá sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ bí yóò ti máa lò ó lọ́nà, kí ó sì fi ohun dídùn sí àpò ara rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, àpò kan ṣoṣo ni a gbé, ẹni méjì ni ó sì ń pín in. Ìyá ni a kọ́kọ́ ń fún. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. A ti mọ òwe náà láti kékeré, ṣùgbọ́n Addis ni a ti lóye rẹ̀.

Ẹ rántí wòlíì Èlíjà. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ lọ́nà òkè Ọlọ́run, oúnjẹ ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ gbé wá fún un, àkàrà àti omi, nígbà méjì. Ẹ sì rántí pé ní 1920 ni Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún fi Màríà Wúńdíá ti Loreto ṣe alábòójútó àwọn tí ń fò ní òfuurufú. Ilé ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ní Loreto, ilé tí a gbà pé Ìdílé Mímọ́ gbé ní Násárétì. Ibi tí ilé bá wà, iná oúnjẹ wà níbẹ̀. Kí Ìyá wa yìí máa ṣọ́ gbogbo ọmọ ìjọ wa tí ó wà lójú ọ̀nà, kí ó má sì jẹ́ kí ebi pa ẹnikẹ́ni níbi tí àwa bá jókòó sí. Àmín.